Ọjọ́ Ìbí Tí Wọ́n Ṣe fún Ìyá Mi ní Shika

Bí ènìyàn bá fẹ́ mọ ọjọ́ tí wọ́n bí agbábọ́ọ̀lù kan ní ilẹ̀ Brazil, kó má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú. Kó wọ gúrúùpù àwa Yorùbá tó ń gbé Samaru nílẹ̀ Hausa lórí fóònù. Kí àwọn tó ń din kósé, àkàrà àwọn Hausa, ní Hayin Dogo tó gbé epo kaná láàárọ̀, Bàbá Akọ̀wé wa á ti gbé e síbẹ̀.

Bàbá Akọ̀wé ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ní yunifásítì. Ó kọ́lé sí Bomo nítòsí wa, àwọn ọmọ rẹ̀ ti fọ́n ká, ohun tó sì kù tó ń bá a ṣeré ni fóònù. Ojoojúmọ́ ló ń kọ ohun tó pè ní "Òní Nínú Ìtàn." Á kọ́kọ́ sọ ohun ńlá tó ṣẹlẹ̀ lágbàáyé lọ́jọ́ náà: ọkọ̀ òkun tó rì, ọba tó gorí ìtẹ́ ní ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò ní í dé láéláé, ogun tó bẹ̀rẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ tí kò yé àwọn tó jà á. Lẹ́yìn náà ló máa wá kan àwọn gbajúmọ̀ tí wọ́n bí lọ́jọ́ náà: òṣèré, olórin, agbábọ́ọ̀lù, gómìnà àná. Á fi àwòrán wọn sí i, á sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé, "Ẹ jẹ́ ká bá wọn dúpẹ́."

Àwa náà á sì bá wọn dúpẹ́. Ibẹ̀ gan-an ló máa ń bí mi nínú. Yorùbá ò lè rí ọjọ́ ìbí kó dákẹ́. Ẹni tí kò tíì yà kí àbúrò rẹ̀ láti oṣù tó kọjá á jí, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà fún òṣèré tó wà ní Amẹ́ríkà pé kó ṣe ọ̀pọ̀ ọdún láyé, kó má fojú sunkún ọmọ, kí apá ayé má ká a. Òmíràn á ní kí Ọlọ́run fi ọkọ rere ta á lọ́rẹ, obìnrin tó jẹ́ pé ọkọ rẹpẹtẹ ló ti kọ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá kí i lọ́jọ́ kejì á tọrọ àforíjì pé dátà òun ló tán. Nígbà kan, Bàbá Akọ̀wé gbé olórin kan síbẹ̀ tó ti kú láti ìgbà tí mo wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Gbogbo gúrúùpù tọrọ ẹ̀mí gígùn fún un. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọkùnrin yìí ti kú o. Ẹnì kan dá mi lóhùn pé, "Àmín."

Kò sẹ́ni tó ń kàwé níbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí n tàn yín. Bí wọ́n bá rí àwòrán, wọ́n á kí i. Bí wọ́n bá rí ọ̀rọ̀ gígùn, wọ́n á ṣe àmín sí i. Ẹni tó bá dákẹ́, wọ́n á ní inú rẹ̀ ò mọ́. Télọ̀ kan àti olùkọ́ yunifásítì kan ti torí èwo nínú agbábọ́ọ̀lù méjì ló ṣe ẹ̀gbọ́n bú ara wọn níbẹ̀, tí télọ̀ bínú jáde, tí àwọn àgbààgbà sì kóra jọ lọ sílé rẹ̀ láti bẹ̀ ẹ́. Èmi náà ì bá ti jáde tipẹ́, àmọ́ ibẹ̀ náà ni ìròyìn òkú àti ti ìkómọ ń gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹni tó bá kúrò níbẹ̀ ti kúrò nílùú.

Nígbà òjò tó kọjá ni ìyá mi ṣubú ní balùwẹ̀, egungun itan rẹ̀ sì ṣẹ́. Kò sí Yorùbá Samaru tí kò mọ ìyá mi. Òun ló ń wẹ ọmọ tuntun fún wọn látijọ́, tó ń fi omi gbígbóná jó ìyá ọmọ, tó ń na ọmọ lápá na ọmọ lẹ́sẹ̀ títí ilé á fi kún fún igbe. Àwọn Hausa náà ń pè é wá wẹ tiwọn. Ìyá Mai Wanka ni wọ́n ń pè é, ìyá tó ń wẹ ọmọ.

A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Shika. Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì ṣàlàyé fún mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní àwọn máa to egungun náà, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ ìyá kò pọ̀, a sì gbọ́dọ̀ rí àwọn ènìyàn tó máa fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú. Kò pọn dandan kí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ irú tirẹ̀, àwọn á fi èyí tó bá a mu pààrọ̀ rẹ̀. Bí a kò bá rí i, iṣẹ́ abẹ náà á yẹ̀ di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, arúgbó tó bá sì fẹ̀yìn lélẹ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, àyà rẹ̀ lè dí. Ó ti ń húkọ́ ná. Dókítà ní òun ò fẹ́ dẹ́rù bà mí. Ẹ̀rù ti bà mí kó tó sọ bẹ́ẹ̀.

Ọkọ mi fi tirẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n yẹ tèmi wò, wọ́n ní kò tó èyí tí ènìyàn ń yọ nínú rẹ̀. Àbúrò mi tó wà ní Ìbàdàn sọ lórí fóònù pé òun ti wà lórí àdúrà. Mo bi í bóyá wọ́n lè gbé àdúrà náà kọ́ sára irin kó máa kán sínú iṣan ìyá wa. Ó ní ọ̀rọ̀ ẹnu mi ti pọ̀ jù. Mo sì rántí gúrúùpù.

Nítorí kí wọ́n lè mọ ẹni tí mò ń wí, mo wá àwòrán ìyá mi kan, èyí tó yà níbi ìgbéyàwó ọmọ mi. Ó wé gèlè, ó ń rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ tó kù hàn. Mo wá kọ̀wé sábẹ́ rẹ̀. Ibí ni mo ti ṣìṣe, àṣìṣe Yorùbá pọ́ńbélé sì ni. Ilé tí wọ́n ti kọ́ mi, wọn kì í já lu ènìyàn pẹ̀lú ọ̀rọ̀. Mo kọ́kọ́ kí àwọn àgbà. Mo kí wọn kú òjò, mo kí wọn kú ọ̀wọ́n ọjà, mo bá ẹni tó bímọ yọ̀, mo bá ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ kẹ́dùn, mo gbàdúrà pé Ọlọ́run á dá ẹ̀mí gbogbo wa sí. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni mo tó mẹ́nu kan ẹ̀jẹ̀, níbi tí fóònù ti gé ọ̀rọ̀ náà, tó jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ kà á tán gbọ́dọ̀ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́.

Àárọ̀ ọjọ́ náà, ọjọ́ ìbí òṣèrébìnrin àgbà kan ni Bàbá Akọ̀wé ti fi síbẹ̀, ẹnu gbogbo wọn sì ti gbóná. Kí n tó gbé ojú kúrò lára fóònù, ìdáhùn ti ń ya wọlé. Inú mi dùn. Mo ṣí i.

"Ẹ kú ọjọ́ ìbí o, Màmá wa. Ẹ ó ṣe ọ̀pọ̀ rẹ̀ láyé."

Ẹlòmíràn ní igba ọdún, ọdún kan ni. Ẹnì kan ní, "Màmá, ẹ ò dàgbà rárá, ẹ̀ ń padà sí ọmọge ni." Ìyàwó olùkọ́ kan ní kí ara le koko bí ọta, ara ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì tí kò lè yí ẹ̀gbẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ti yọ àwòrán náà, ó ti to òdòdó yí i ká, ó sì fi àkàrà òyìnbó àti àbẹ́là sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bàbá Akọ̀wé fúnra rẹ̀ padà wá tún ìtàn òní ṣe. Ó fi ìyá mi sí àárín agbábọ́ọ̀lù kan àti ọkọ̀ òkun tó rì.

Mo fi ohùn ránṣẹ́. Mo pariwo nínú rẹ̀ pé kì í ṣe ọjọ́ ìbí, pé ìyá mi ń kú lọ, pé kí wọ́n wá fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Wọn ò tẹ̀ ẹ́ kí wọ́n gbọ́. Wọ́n rò pé mò ń dúpẹ́. "Àmín, àmín, àmọ́dún á tún bá wa."

Mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Bomo. Bàbá Akọ̀wé wà ní pálọ̀, ó gbé ìgò ojú sórí imú, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dìde, ó fẹ́ bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní ẹ kú oríire. Mo sọ fún un lẹ́ṣẹẹsẹ ohun tó ṣẹlẹ̀. Baba náà rọra padà jókòó.

Ó ní, "Àwòrán ni mo rí."

Mo ní, "Mo mọ̀, Bàbá. Àwòrán náà ni gbogbo wọn rí."

Ojú tì í, kí n má parọ́ mọ́ ọn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀wé kíákíá, ó ní kí gbogbo ará jọ̀wọ́, àṣìṣe wà níbẹ̀, ara Màmá kò yá. A jọ ń wò ó. Ẹni àkọ́kọ́ tó fèsì ní Ọlọ́run á jẹ́ kó kalẹ́. Bàbá Akọ̀wé yọ ìgò ojú rẹ̀, ó ń fi etí agbádá nù ún, kò sì lè wo ojú mi.

Mo wá bi í pé, "Bàbá, bí a bá ní kí wọ́n wá fẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, ta ló máa wá?"

Ó fi ìka yẹ orúkọ àwọn ará gúrúùpù wò láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò dá ẹnikẹ́ni lórúkọ.

"Bí a bá ní kí wọ́n wá jẹ ìrẹsì ńkọ́?"

Ó ní òun ò parọ́ rí nínú ìtàn. Mo rán an létí olórin tó ti kú. Ó gbé ìgò ojú rẹ̀ padà sójú, ó sì kọ ọ́ ṣókí pé ìkórajọ ọjọ́ ìbí Màmá á wáyé lọ́la ní Shika lẹ́yìn ìrun Àsárì, kí a pàdé lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn, a ó mú yín dé ibẹ̀, ìrẹsì àti ẹran wà. Èyí, wọ́n kà á tán. Ẹnì kan tiẹ̀ bèèrè bóyá ẹran náà jẹ́ ti màlúù.

Lọ́jọ́ kejì, èmi àti aládùúgbò mi se ìrẹsì náà lóòótọ́, torí ẹni tó bá fẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹun. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n sì dé, wọ́n ń bọ́ sílẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ bí ará ìyàwó. Léèsì, bàtà gogoro, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn. Àwọn kan gbé kúlà òfìfo dání, kí tilé má bàa pàdánù. Télọ̀ tó máa ń jà nítorí bọ́ọ̀lù gbé àkàrà òyìnbó dání bí ẹni gbé ẹyin. Wọ́n ní ibo ni ọlọ́jọ́ ìbí wà.

Mo ní, "Ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì nínú lọ́hùn-ún, egungun itan rẹ̀ ti ṣẹ́. Mo ti kọ ọ́ síbẹ̀ láti àná. Ẹ̀jẹ̀ ni mo bẹ̀ yín fún. Ìrẹsì wà, ẹni tó bá fẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ló máa jẹ ẹ́."

Lẹ́yìn náà ni àìsàn bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru mú àwọn tó ń tọrọ ara líle lánàá. Ọ̀gá kan rántí pé òun gbé omi kaná nílé, ọkùnrin tí kò mọ ibi tí ìyàwó rẹ̀ ń kó ìkòkò sí. Àwọn oníkúlà yí padà wẹ́rẹ́. Mo dúró, mo ń wò wọ́n.

Obìnrin kan tí kò sọ̀rọ̀ rí lórí gúrúùpù ló kọ́kọ́ bọ́ síwájú. Ó ní, "Gbogbo ọmọ mi pátá ni Màmá wẹ̀." Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè kí ó tó dé inú ilé rárá. Télọ̀ wo àkàrà òyìnbó, ó wo èmi, ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó tẹ̀ lé e. Olùkọ́ tó bá a jà náà tẹ̀ lé e, kó má bàa di pé télọ̀ nìkan ló lọ. Bàbá Akọ̀wé fẹ́ fi tirẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ní ọjọ́ orí rẹ̀ ti kọjá rẹ̀. Ó bá jókòó, ó ń bá wọn di báàgì ọwọ́ wọn mú. Ẹ̀jẹ̀ tí a rí tó, ó sì ṣẹ́kù.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà bó ṣe yẹ. Nígbà tí ara ìyá mi balẹ̀ díẹ̀, mo jókòó tì í, mo ro gbogbo rẹ̀ fún un láti dá a lẹ́rìn-ín. Mo fi ohùn télọ̀ sọ̀rọ̀, mo fi ti ọ̀gá olómi gbígbóná sọ̀rọ̀. Mo ka ìkíni wọn fún un, mo ń yí ẹnu po bí mo ṣe ń kà á. Nọ́ọ̀sì tó ń kọjá rẹ́rìn-ín títí. Ìyá mi kò rẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́ gba fóònù. Kò mọ̀wé kà, àwòrán ara rẹ̀ tó wà láàárín òdòdó ló ń wò.

"Gbogbo èèyàn yìí ló kí mi?"

Mo ní, "Ìyá, wọn ò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ẹ̀jẹ̀ ni mo ní kí wọ́n mú wá."

"Mo gbọ́. Ṣé èmi ni wọ́n kí?"

"Ẹ̀yin ni."

Ó fi àtàǹpàkò nu ojú fóònù náà. "Kò sẹ́ni tó kí mi kú ọjọ́ ìbí rí láyé mi. Ìwọ náà ò kí mi rí."

Mo fẹ́ sọ pé kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tí wọ́n bí i, pé òun alára kò mọ̀ ọ́n. Ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni mọ́ pé kì í ṣe ọjọ́ ìbí òun. Ó dá fóònù padà fún mi, ó ní kí n tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀, kí n sì jẹ́ kí ẹnu mi tọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ ẹnì kan tí àdúrà rẹ̀ gùn jù, mo fò ó. Ó ní kí n padà síbẹ̀.