Dáódù Tí Mo Fi Sínú Bèbí Àánú

“Ìyẹn kọ́ ni Dádì mi!”

Igbe tí Àánú ké nìyẹn nínú ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìlobùú, ló bá ki orí bọ abẹ́ apá ìyá rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti ń tún rédíò àti ohun ìṣeré ọmọdé ṣe, àwọn oníbàárà ti bá mi jà lóríṣiríṣi, ṣùgbọ́n ẹkún ọmọ yìí ni kò kúrò lọ́kàn mi.

Ìfọ́n ni wọ́n ti wá. Bèbí ìṣeré kan ni wọ́n gbé wá, irú èyí tí èèyàn lè gba ohùn sí nínú. Bàbá Àánú ló gba ohùn tirẹ̀ sí i kó tó kú, ohùn ọkùnrin náà kò sì sí níbòmíràn mọ́. Ẹnìkan nílé ló ki ṣájà alágbára bọ̀ ọ́, bèbí bá yadi.

“Bọ̀dá Kàmọ́rù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ohùn yẹn lọ,” ni ìyá rẹ̀ wí lórí ìkúnlẹ̀.

“Ẹ dìde, Ìyá Àánú. Ẹ jẹ́ n tú u wò ná.”

Mo fi mítà tí a fi ń wọn iná yẹ̀ ẹ́ wò. Ibi tó gba ohùn sílẹ̀ ṣì yè. Dáódù tó wà lẹ́nu ọ̀nà iná nìkan ló jóná. Dáódù ni nǹkan bíńtín tó ń jẹ́ kí iná kọjá lọ, tí kì í jẹ́ kó padà. Tí a bá to mẹ́rin pọ̀, ó di rẹtifáyà tó ń sọ iná ilé di irú èyí tí bátìrì ń gbé jáde. Dúdú onílà funfun tí a ń lò fún rédíò ló wà nílẹ̀, òun ni mo fi sí i. Àmọ́ dáódù yẹn ní ọ̀kánjúwà: kí iná tó gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, á ti bù jẹ nínú rẹ̀. Rédíò lè fara dà á, bèbí oníbátìrì wẹ́wẹ́ méjì kò lè fara dà á. Ohùn tó jáde ń falẹ̀, ó ń wúwo, bí ohùn ẹni tí oorun ń kùn. Ìyẹn lọ́mọ gbọ́ tó fi figbe ta.

“Ẹ fi sílẹ̀ fún mi,” ni mo wí. “Màá wá èyí tí kì í jẹ iná púpọ̀ ní Òṣogbo.”

Mo rí i rà. Bí mo ti fi í sí i, ohùn ọkùnrin náà jáde gaara, tẹ̀rín-tẹ̀rín: “Àánú mi, ṣé o ti jẹun?” Inú mi dùn débi pé mo pàtẹ́wọ́ fún ara mi. Mo pe Ìyá Àánú lórí fóònù, ó ní ọjọ́ ọjà làwọn máa wá gbé e.

Kí ọjọ́ ọjà tó pé, ìjà ilẹ̀ tún bẹ́ sílẹ̀ láàárín ìlú wa àti tiwọn. Wọ́n ní kí onílé gbélé. Nígbà tí ọ̀nà là, nọ́ńbà Ìyá Àánú kò lọ mọ́. Mo rán èèyàn sí Ìfọ́n. Wọ́n ní ilé wọn ti di àwókù, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí àwọn tó ń gbé ibẹ̀ sá gbà. Ó dùn mí wọra, nítorí ibi tí èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn dé ni Ìfọ́n sí wa.

Bèbí náà ṣì wà lórí pẹpẹ mi. Bátìrì tó bá pẹ́ nínú ohun ìṣeré a máa sun omi, á sì ba inú rẹ̀ jẹ́, nítorí náà mo máa ń pààrọ̀ rẹ̀, màá sì tẹ̀ ẹ́ wò. Gbogbo ìgbà tí mo bá tẹ̀ ẹ́ ni bàbá yẹn ń béèrè. Kò dáa kí èèyàn béèrè ọmọ rẹ̀ kí a dákẹ́.

“Ó ti jẹun, Bàbá Àánú,” ni mo máa ń dá a lóhùn.

Mi ò mọ̀ bóyá òótọ́ ni mò ń sọ.