Ẹran Tó Kù Nínú Abọ́

Lọ́sàn-án Sátidé tó kọjá, mo jókòó ní kíṣínì ilé mi ní Wakefield, nínú Bronx ní Amẹ́ríkà, mò ń ṣa ẹ̀wà, nígbà tí mo gbọ́ ẹ̀rín láti pálọ̀. Kì í ṣe ẹ̀rín ọmọ mi. Ẹ̀rín èrò ni, àwọn bí ọgọ́rùn-ún èèyàn tí wọ́n bú sẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n tún dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, àfi bí ìgbà tí tíṣà wọ kíláàsì. Ọwọ́ mi dúró lórí ẹ̀wà. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí mo gbọ́ ẹ̀rín yẹn kẹ́yìn, síbẹ̀ mo dá a mọ̀ bí ẹni dá ohùn ìyá rẹ̀ mọ̀.

Ọmọ mi ọkùnrin ló jókòó síbẹ̀ tòun ti kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni. Ìgbà òtútù tó kọjá ló gbé báàgì méjì dé, ó ní òun àti ìyàwó òun ti kọ ara wọn sílẹ̀, ó sì bi mí bóyá yàrá òkè ṣì ṣófo. Mi ò bi í ní ìbéèrè kankan. Mo kàn ní kó bọ́ bàtà rẹ̀ kó tó gun kápẹ́ẹ̀tì mi. Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò pọ̀. Á kí mi láàárọ̀, á lọ síbi iṣẹ́, á dé, á jẹun, á gòkè lọ. Ó ń dùn mí, ṣùgbọ́n mi ò mọ ibi tí èèyàn í ti bẹ̀rẹ̀.

"Dádì, ẹ wá wò ó," ó ní. "Àwọn òyìnbó London kan ni. Bàbá kan àti ọmọ ẹ̀. Wọ́n ti divorce, àwọn méjèèjì wá ń gbé inú ilé kan. It's like us."

Mo ní, "Mo mọ̀ wọ́n. Mo ti mọ̀ wọ́n kí n tó bí ẹ."

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ń fi fóònù wo ohun tó wù yín nígbà tó wù yín, ẹ fara balẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín bí mo ṣe mọ̀ wọ́n.

Inú Bronx yìí náà ni wọ́n ti tọ́ mi, ní àjà kẹrin ilé gogoro kan ní Mount Hope. Ẹlẹ́fétọ̀ ilé náà á ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tó bá wù ú, kì í sì í sábà wù ú. Bí o bá ń gun àtẹ̀gùn, imú rẹ á ti mọ ohun tí àjà kọ̀ọ̀kan ń sè kó o tó délé: ẹja gbígbẹ àwọn ará Ghana, áyù àwọn tó ń sọ èdè Sípéènì, lẹ́yìn náà ọbẹ̀ bàbá mi. Ọbẹ̀ kan ṣoṣo ni bàbá mi mọ̀ ọ́n sè. Á sè é lọ́jọ́ Sọ́ńdè nínú ìkòkò ńlá, a ó sì máa bá a yí títí di Sátidé, àfi kí ata rẹ̀ máa le sí i lójoojúmọ́.

Ọdún tí mò ń sọ yìí ni bàbá àti ìyá mi kọ ara wọn sílẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà. Mi ò rí ìjà, mi ò gbọ́ ariwo. Ìyá mi kó lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Texas, ó ní tí òun bá ti rí ibi tó dáa fìdí lé, èmi náà á máa wá lo ọlidé. Gbogbo Sọ́ńdè ló máa ń pè wá lórí fóònù. Bàbá mi, tó ń bá wọn tọ́jú aláìsàn ní ọsibítù, á jáde nílé pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ funfun rẹ̀, èmi á lọ sí ilé ìwé, a ó sì tún pàdé nídìí ọbẹ̀ náà nírọ̀lẹ́.

Èmi ni mo máa ń fọ abọ́. Bí bàbá mi bá jẹun tán, ẹran kan á ṣẹ́ kù sínú abọ́ rẹ̀. Kò ní sọ pé gbà. Á kàn sún abọ́ náà síwájú, á sì bojú wo ibòmíràn bí ẹni pé ó gbàgbé ẹran síbẹ̀ ni. Ẹni tó bá fọ abọ́ ló ni ohun tó kù nínú rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ṣe é fún òun náà ní Iléṣà nìyẹn. Ẹran inú abọ́ tèmi kò dùn tó o rárá, ìkòkò kan náà ló sì ti wá.

Ní Sátidé, bí aago bá ti lu mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, a ó tan tẹlifíṣọ̀n. Ìkànnì kan wà tí kì í polówó ọjà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe eré àwọn ará London náà. Bàbá inú eré ní irùnmú, ó sì ní súwẹ́tà kan ṣoṣo tó jọ pé kò fọ̀ rí. Ọmọ rẹ̀ ti dàgbà, ó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì. Wọ́n lè fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú gbáko jà nítorí ìkòkò tíì. Bí àwọn èrò bá rẹ́rìn-ín, bàbá mi kì í rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí ọmọ bá pe bàbá rẹ̀ lórúkọ gan-an ló máa ń pàtẹ́wọ́, á ní, "Háà! Kò gbá a létí? Kò gbá a létí náà?" Lẹ́yìn náà lá wá rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ohun tó ń da èmi láàmú ni àwọn tó ń rẹ́rìn-ín. Mo wo ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, wáyà àti eruku ni mo bá níbẹ̀. Mo bi bàbá mi pé níbo ni wọ́n wà. Ó ní wọ́n jókòó síwájú àwọn eléré ni, pé ńṣe ni wọ́n pè wọ́n wá wòran. Mo ronú sí i fún ọ̀sẹ̀ kan. Ta ní ń pe èèyàn wá wòran pé ìyàwó òun ti lọ? Àwọn tó ń wo tiwa ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwa kọ́ la pè wọ́n, wọn kì í sì í rẹ́rìn-ín. Wọ́n kàn máa ń mi orí ni.

Ẹni tí orí mímì tirẹ̀ kàn wá jù ni Bàbá Fúnmi, ẹ̀gbọ́n ìlú kan náà pẹ̀lú bàbá mi, tó gbà á sílé nígbà tó kọ́kọ́ dé Amẹ́ríkà. Lọ́jọ́ kan mo gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. "Ṣínà," ó ní, "ọkùnrin kì í dá ọmọ tọ́. Fi ọmọ yìí ránṣẹ́ sí Màmá ẹ nílé ní Iléṣà kó tó bàjẹ́ mọ́ ẹ lọ́wọ́." Bàbá mi ní òun á rò ó wò títí ilé ìwé á fi parí.

Ẹ̀rù Iléṣà kò bà mí. Ìyá àgbà fẹ́ràn mi, wọ́n sì ní ewúrẹ́ ń bẹ níbẹ̀. Ti bàbá mi ló ń bà mí lẹ́rù. Ìyá mi ti lọ. Bí èmi náà bá tún lọ, ta ni yóò jókòó tì í ní Sátidé? Ta ni yóò sún abọ́ sí?

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wo eré náà bí ẹni tó ń kàwé ìdánwò. Ọkùnrin méjì nínú ilé kan, kò sí obìnrin, ilé ò sì wó. Kí ni wọ́n ń ṣe tí àwa ò ṣe? Lọ́jọ́ Sátidé kan mo rí i. Bébà kan wà lára ilẹ̀kùn kíṣínì wọn, wọ́n pín iṣẹ́ ilé síbẹ̀. Ó wá dà bíi pé mo rí kọ́kọ́rọ́ tó sọ nù.

Mo já ewé kan nínú ìwé ìṣirò mi. Mo fi rúlà lànà, mo fi báírò pupa kọ ọjọ́ méjèèje. Mo wá kọ orúkọ wa méjèèjì bí mo ṣe rí i lára tiwọn: orúkọ mi, àti Ṣínà. Ṣínà lásán, láìsí Dádì níwájú. Ṣínà á fọ abọ́ ní Wẹ́sidé àti Sátidé. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì, inú mi sì dùn débi pé mo ń kọrin. Ẹ wò ó, wọ́n bí mi sí Bronx lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá ni mí. Ó yẹ kí n mọ̀ pé ọmọ kì í pe bàbá lórúkọ, áńbọ̀sì kó pín iṣẹ́ fún un.

Wẹ́sidé yẹn gan-an ni Bàbá Fúnmi bá bàbá mi wálé. Ó lọ bu omi mu ní kíṣínì, a ò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Nígbà tó jáde, bébà ọ̀hún wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ṣínà, wá kà á fún mi. Ojú mi ò ríran mọ́ bóyá."

Bàbá mi kà á. Mo ti dọ̀bálẹ̀ kó tó kà á tán.

"Ṣé o wá rí nǹkan tí mò ń wí?" Bàbá Fúnmi ní. "Ó kù díẹ̀ kó máa rán ẹ lọ ra síwíìtì. Book flight fún un. This summer, Ṣínà."

Bàbá mi ní ká kọ́kọ́ jẹun ná. A jẹun, àwọn méjèèjì nídìí tábìlì, èmi lórí àpótí mi. Nígbà tí a jẹ tán, mo dìde láti kó abọ́, bàbá mi sì ní, "Fi sílẹ̀. Wẹ́sidé lòní."

Bàbá Fúnmi la ẹnu. Bàbá mi kó abọ́ tiwọn, ó wá dé ibi tèmi, ó sì dúró. Ẹran kan ṣoṣo tó wà nínú oúnjẹ mi ṣì wà níbẹ̀.

"Kí ló dé tí o ò jẹ ẹran ẹ?"

Mo ní, "Tiyín ni, Dádì. Ẹ̀yin lẹ máa fọ abọ́."

Mi ò sọ ọ́ láti tù ú lójú. Bí òfin ṣe rí ni, mo sì rò pé ó mọ̀. Ṣùgbọ́n ó gbé abọ́ náà lọ síbi omi, ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ó jẹ ẹran náà ní ìdúró. Ó pẹ́ lórí ẹran kékeré yẹn. Nígbà tí èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ni mo tó mọ̀ pé ó ń sunkún, èmi náà sì bẹ̀rẹ̀.

Bàbá Fúnmi bọ́ jígí ojú rẹ̀, ó ń nù ún. "Ta ló kọ́ ọmọ yìí ní ìyẹn?" ó béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, kò sẹ́ni tó kọ́ ọ," bàbá mi ní, kò yíjú padà. "Inú ilé yìí ló ti rí i. Ọmọ mi ò lọ síbì kankan."

Ẹ̀gbọ́n kò dá Iléṣà lábàá mọ́. Kó tó lọ, ó tilẹ̀ fúnra rẹ̀ dá bébà náà padà sára fíríìjì. Ìgbà tí mo jí láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo rí i pé wọ́n ti fa igi lé Ṣínà, wọ́n kọ Dádì sókè rẹ̀. Wẹ́sidé àti Sátidé ṣì wà bó ṣe wà.

Bàbá mi ti sinmi báyìí. Bébà náà sọ nù nígbà tí a kó kúrò ní Mount Hope, mo wá a títí, mi ò rí i. Eré ọ̀hún náà kéré lójú mi lórí kọ̀ǹpútà, ilé wọn há, súwẹ́tà bàbá náà kò sì burú tó bí mo ṣe rántí. Mo bi ọmọ mi pé ṣé ó mọ àwọn tó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ̀rín tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ ni. Mo ní mo mọ̀, ṣùgbọ́n ta ni wọ́n, àti pé mélòó nínú wọn ló padà sílé tí kò bá ẹnikẹ́ni nílé? Ó wò mí, ó ní òun ò rò ó bẹ́ẹ̀ rí. Ó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà òtútù tí a jọ jókòó tó wákàtí kan.

Mo se ẹ̀wà náà, ó dín ẹja sí i, a sì jẹun. Ó tún padà sídìí eré rẹ̀ ní pálọ̀, èmi sì kó abọ́ lọ síbi omi. Nínú abọ́ rẹ̀, orí ẹja wà níbẹ̀ lódindi, ibi tó fẹ́ràn jù láti kékeré. Mi ò sọ ìtàn Wẹ́sidé yẹn fún un rí. Ẹran nìkan ni mo máa ń fi sílẹ̀ fún un nínú abọ́ mi, nígbà tó wà lọ́mọdé tó ń fọ abọ́.

Mo pè é, "O ò mà jẹ ẹja ẹ tán."

"Mo mọ̀, Dádì," ó dáhùn.

Àwọn èrò inú kọ̀ǹpútà bú sẹ́rìn-ín. Mo kọ ẹ̀yìn sí pálọ̀, mo jẹ ẹ́ ní ìdúró.