Ẹsẹ̀ Àna Mi àti Ìbò Ìsàlẹ̀

Ẹmu tí èèyàn kò fowó ara rẹ̀ rà kì í kan lẹ́nu. Mo mu irú ẹmu bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù ní abà ẹlẹ́mu tó wà láàárín àdúgbò wa méjèèjì, Òkè àti Ìsàlẹ̀, ní abúlé kan tí kò jìnnà sí ìlú Òrùn, mo sì rò pé ayé mi ti dáa. Ìwé mẹ́fà tí mo fẹ́ kà, n kò kà á tán, ṣùgbọ́n bí ó bá di irọ́ tó ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín, yunifásítì ni mo ti jáde. Èmi ni mo sọ fún wọn pé àgbàdo oko mi ga débi pé ọ̀kẹ́rẹ́ tó bá fẹ́ gùn ún, oúnjẹ ọ̀nà ló ń dì dání. Wọ́n mọ̀ pé irọ́ ni. Wọ́n á tún ní kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Ṣáájú àsìkò yẹn ni àna mi, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, tó ti ṣe kánsẹ́lọ̀ rí, tún jáde pé òun fẹ́ padà síbẹ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, àgbẹ̀ kòkó tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Bíbélì lọ́jọ́ ìsinmi. Ìsàlẹ̀ tí àwa náà ń gbé fẹ́ràn rẹ̀ bí ojú, nítorí òun ló jẹ́ kí wọ́n tún kànga ibẹ̀ gbẹ́. Òkè ní tiwọn pín sí méjì: àwọn kan jẹ́ tirẹ̀, àwọn kan jẹ́ ti alátakò. Lọ́dọọdún, bí wọ́n bá ti pe ìdílé wa níbi ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì, àna mi a dìde, a gbé ọwọ́ lé mi léjìká, a ó sì jọ jó dé iwájú pẹpẹ. N kò mọ̀ nígbà náà pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lè bọ́ sọnù lọ́wọ́ èèyàn.

Ó ku díẹ̀ kí a dìbò ni ẹnu bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi ní abà ẹlẹ́mu. Àwọn kan ti pàdé àna mi lójú ọ̀nà Ìsẹ̀, tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ gba fọ́ọ̀mù ìdíje, bẹ́ẹ̀ ó ní alùpùpù. Wọ́n ń ṣe kàyéfì. Mo ní, "Ẹ ò mọ àna mi? Ahun ni! Kò fẹ́ kí epo alùpùpù tán. Ó rìn títí, ó rí i pé bàtà ń jẹ, ó bọ́ bàtà, ó gbé e rù. Ó tún rìn díẹ̀, ó rí i pé àtẹ́lẹsẹ̀ náà ń jẹ, ló bá bọ́ ẹsẹ̀, ó gbé e lé orí bàtà!"

Ẹlẹ́mu ní, "Baba, kí ló wá fi rìn dé Ìsẹ̀?"

Mo ní, "Ẹsẹ̀ mi ló yá. Kò tíì dá a padà."

Ọkùnrin kan ṣubú lórí bẹ́ǹṣì. Ará Òkè gbé ìtàn náà lọ sílé, ará Ìsàlẹ̀ gbé e lọ sílé, kó tó di ọjọ́ ìsinmi àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ti ń fi í dápàárá.

A dìbò, àna mi fìdí rẹmi. Ìsàlẹ̀ tó gbójú lé gan-an, ìbò tó ti ibẹ̀ jáde kò tó nǹkan. Ó dùn mí, nítorí òun ni mo dìbò fún, Ọlọ́run gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé abà ẹlẹ́mu, àgbàlagbà kan láàárín àwọn alátakò tó borí nàka sí mi. Ó ní, "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Ìtàn ẹsẹ̀ yẹn ló gbé ọkùnrin náà ṣubú. Ẹ bu ẹmu fún Baba!" Ó yẹ kí n ní rárá. Ṣùgbọ́n ẹmu ti dé iwájú mi, ó ń hó yaya. Mo ní, "Ẹnu mi yìí? Bí mo bá bá àpáta sọ̀rọ̀, àpáta á lọ dìbò!" Láti ọjọ́ náà n kò ra ẹmu mọ́.

Nígbà tí ìkórè dé, wọ́n pe ìdílé wa. Àna mi jókòó. Ìyàwó mi wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan, kò tún wò ó mọ́, àwa méjì la dá jó dé iwájú. Nígbà tí ó gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún mi nílé, gbólóhùn kan ló sọ: "Ẹmu ọ̀hún dùn, àbí?"

Ó ṣe díẹ̀ kí ọmọbìnrin kan tó dé láti yunifásítì. Ìkéré ló wọ̀ sí. Ìwádìí rẹ̀ ni láti mọ ohun tó ń mú kí àwọn èèyàn dìbò bí wọ́n ṣe ń dì í. Wọ́n ní kó wá sọ́dọ̀ mi, pé èmi ni mo fa èyí tó ṣẹlẹ̀ ní abúlé wa. Mo tún fìlà ṣe, mo sọ ìtàn ẹsẹ̀ fún un látòkè délẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín dáadáa. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé:

"Baba, ṣé àwọn ará Òkè náà gbọ́ ìtàn yìí?"

"Gbọ́ kẹ̀? Àwọn gan-an ló kọ́kọ́ gbọ́."

"Ìbò àna yín ní Òkè ńkọ́? Ó dínkù?"

"Kò dínkù. Bó ṣe rí nígbà tó wọlé ló ṣe rí."

"Ẹ má bínú o, Baba. Bó bá jẹ́ igbe àjẹ́ ló pa ọmọ Ìsàlẹ̀, kí ló dé tí ọmọ Òkè tó gbọ́ igbe kan náà kò kú?"

Mo ṣí fìlà tí mo tún ṣe, mo gbé e lé orúnkún. Ọmọbìnrin náà ní kí a wá ohun tó yí padà ní Ìsàlẹ̀ tí kò yí padà ní Òkè, ni a bá ń lọ láti ilé dé ilé. Ìyá arúgbó kan tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ló kọ́kọ́ tú àṣírí náà, láìmọ̀ pé àṣírí ni.

Ó ní, "Ìtàn ẹsẹ̀? Mo gbọ́ ọ. Mo rẹ́rìn-ín títí eyín tó kù sí mi lẹ́nu fẹ́ yọ. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ dìbò fún ẹsẹ̀? Ẹsẹ̀ tèmi lọ̀rọ̀ wà. Iwájú ṣọ́ọ̀ṣì níbí la ti ń dìbò látijọ́. Wọ́n ní òjò lè rọ̀, wọ́n wá gbé àpótí lọ sí sùkúù orí òkè, bí ẹni pé ewúrẹ́ ló fẹ́ dìbò! Mo jókòó sí ulé mi."

Ilé kejì, orúnkún. Ilé kẹta, ìbàdí. Àwọn àgbà ló pọ̀ jù ní Ìsàlẹ̀, àwọn gan-an ló sì wà lẹ́yìn àna mi. Àwọn ará Òkè kò kúrò níbi tí wọ́n ti ń dìbò tẹ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó gun nǹkan kan. Èmi fúnra mi gun òkè yẹn lọ́jọ́ ìdìbò, tí mo ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ojú mi rí i, orí mi kò rí i.

Ọmọbìnrin náà ní, "Mi ò lè búra pé òkè nìkan ni, Baba. Ṣùgbọ́n ìtàn yín kọ́."

Inú mi dùn ju ti ẹni tó jàre ní kóòtù. Mo sáré lọ bá àna mi níbi tó ti ń yí kòkó lórí àtẹ, mo dọ̀bálẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti dá mi láre! Gígun òkè ló fà á, èmi kọ́!"

Kò dáwọ́ dúró. "Mo mọ̀," ló wí. "Èmi náà rí àwọn ìyá tó jókòó sílé. Ta ló sọ fún ọ pé torí ìbò ni mo ṣe ń bínú? Àjẹ́ tí kò pa ọmọ, kí ló ń ké fún?" Ó yí kòkó síwájú, ó yí i sẹ́yìn. "O ti wádìí ohun tó mú mi ṣubú. Ó dáa. Ohun tó mú mi fẹsẹ̀ rìn lọ sí Ìsẹ̀ ńkọ́? Ṣé o sọ ìyẹn náà fún wọn?"

Àárọ̀ ọjọ́ tó fẹsẹ̀ rìn lọ sí Ìsẹ̀ yẹn ni àìsàn dé sí ìyàwó mi lójijì, tí mo sáré wá bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí. Òun ló ki kọ́kọ́rọ́ alùpùpù rẹ̀ bọ̀ mí lọ́wọ́ pé kí n máa gbé àbúrò òun lọ sí ọsibítù, òun á fẹsẹ̀ rìn. Ẹsẹ̀ yẹn ni mo fi ń mu ẹmu.

Wọ́n ti gbé àpótí ìbò padà sí iwájú ṣọ́ọ̀ṣì báyìí, àwọn ìyá arúgbó ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì dìbò. Àna mi kò díje mọ́. Ó ti lọ ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Òmùò. Bí mo bá dé abà ẹlẹ́mu tí mo ní ìtàn mi kọ́ ló gbé e ṣubú, òkè ni, wọ́n á bú sẹ́rìn-ín: "Baba ti tún dé o! Ó ní òkè ló dìbò!" Gbogbo irọ́ mi ni wọ́n gbé lọ sílé, òótọ́ kan tí mo ní, wọn ò gbà á. Bí mo bá wá sọ ti alùpùpù, ẹnikẹ́ni kì í rẹ́rìn-ín, ẹnikẹ́ni kì í sì í bu ẹmu.

Bí iṣu tuntun bá ti jáde, ìyàwó mi a di díẹ̀ sínú àpò fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Oko mi ni mo ti ń wà á, èmi ni mo sì ń rù ú dé ìdí ọkọ̀. Lọ́dún yìí, mo lọ dúró de awakọ̀ nígbà tó ń padà bọ̀.

"Wọ́n ní ká kí Màmá o," ló wí. "Wọ́n ní uṣu ọ̀hún gún dáadáa."

"Wọn ò béèrè ẹni tó gbìn ín?"

"Wọn ò béèrè, Baba."

Ó ń wò mí, bóyá ó ń retí àwàdà. Ọlọ́kadà kan ní òun á gbé mi délé lọ́fẹ̀ẹ́, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì fẹsẹ̀ mi rìn.