Iye Odídẹrẹ́ Tó Kọjá ní Ìpáò

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òyìnbó ló kọ́kọ́ jókòó ka ẹyẹ ní ìhà Ìkọ̀lé, ẹ bá mi sọ fún un pé irọ́ ló pa. Tíṣà Monísọ́lá ni, níwájú ilé rẹ̀ ní Ìpáò, lórí àpótí ìjókòó kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú. Obìnrin pẹ́ńpẹ́ ni, ṣùgbọ́n bó bá sọ̀rọ̀, kíláàsì mẹ́ta á pa lọ́lọ́. Kò sí ọmọ tó gba abẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kọjá tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín agbe àti àlùkò.

Ọdún 1971 ló bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó tuntun ni, ilé ọkọ ò tíì mọ́ ọn lára. Láyé ìgbà náà, bó bá ti kù díẹ̀ kí ladánì pe ìrun Màgàríbì, odídẹrẹ́ á ti ìhà Òmù wá, wọ́n á gba orí ìlú kọjá lọ sùn nínú igbó tó wà lẹ́yìn oko kòkó. Ariwo wọn! Ẹ ò ní gbọ́ ohun tí ẹni tó dúró tì yín ń sọ. Ariwo yẹn ló máa ń tù ú nínú. Ó mú rẹ́jísítà kan tí ilé ìwé ò lò mọ́, ó kọ ọ́ síbẹ̀: "Odídẹrẹ́, igba ó lé mẹ́rìnlá." Láti ọjọ́ náà, òjò ni o, ọyẹ́ ni o, kò pa ìrọ̀lẹ́ kan jẹ. Kódà lọ́jọ́ tí wọ́n sin ọkọ rẹ̀, ó dìde láàárín àwọn tó wá bá a kẹ́dùn, ó bọ́ síta, ó kà. Wọ́n ní orí rẹ̀ ti dàrú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wí, ta ni ò ní nǹkan tó gbé e ró?

Nígbà tó yá, àwọn agégẹdú wọ igbó. Wọ́n gé ìrókò, wọ́n gé àràbà, àwọn tó ń fi àtè mú ẹyẹ sì tẹ̀ lé wọn. Igba di ọgọ́rin, ọgọ́rin di mọ́kànlá. Ní 1997, ó ku méjì. Ní 1998, ó ku ẹyọ kan, tó ń ké lọ, tí ẹnì kankan ò dá a lóhùn. Lẹ́yìn náà, kò sí mọ́.

Bí wọ́n bá ń sin arìnrìn-àjò ní gáréèjì, tí wọ́n ní odídẹrẹ́ kì í kú sóko ìwájẹ, gbogbo ènìyàn á ṣe àmín. Tíṣà nìkan ni kì í ṣe é. "Ibo ni àwọn tèmi wá wà?" ni yóò wí.

Síbẹ̀, ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo, ó ń jókòó, ó ń kọ "kò sí." Ràṣídátù aládùúgbò rẹ̀, tó ń ta gààrí, a máa gbé bútà wá ṣe àlùwàlá nítòsí, á sì máa fi í ṣẹ̀fẹ̀.

"Tíṣà, ẹ ò ṣe kọ 'kò sí' ti ọ̀sẹ̀ kan pa pọ̀, kẹ́ ẹ sinmi?"

"Lọ́jọ́ tóo bá kírun ọ̀sẹ̀ kan pa pọ̀, èmi náà á kọ ọ́ pọ̀."

Ràṣídátù á rẹ́rìn-ín títí omi bútà á fi dànù.

Ní 2006, ojú Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Dókítà tó lọ rí ní Ìdó ní kí ọdún méjì tó pé, kò ní rí nǹkan kan mọ́. Ohun kan ṣoṣo ló wá ń bẹ Ọlọ́run fún: kí òun fi ìwọ̀nba ojú tó kù yìí kọ nǹkan mìíràn yàtọ̀ sí "kò sí," ì báà jẹ́ ẹyọ kan péré.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, Ràṣídátù ṣe àlùwàlá tán, ó rí Tíṣà bó ṣe gbójú sókè sí ọ̀run tí kò lè rí dáadáa mọ́. Àánú rẹ̀ ṣe é. Ó pariwo.

"Tíṣà! Odídẹrẹ́! Méjì ni o, láti ìhà Òmù!"

Tíṣà fò dìde, bírò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Níbo?"

"Wọ́n ti ń gba òkè ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Ìrù wọn pupa fòò!"

Tíṣà tẹ́tí. Ewúrẹ́ kan ń wúkọ́. Ẹnì kan ń gbálẹ̀. Kò gbọ́ nǹkan mìíràn. Bẹ́ẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ gbogbo ọmọ Ìpáò pé odídẹrẹ́ kì í fò kọjá kó má ké, ì báà ṣẹ́ ku ẹyọ kan. Ọkàn rẹ̀ bàjẹ́. Síbẹ̀, inú rẹ̀ dùn sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ dé ibi tí omi fi lé e lójú.

"Méjì lo wí?"

"Méjì, Tíṣà. Mo fi Ọlọ́run..."

"Má búra!" Tíṣà sáré dá a lẹ́nu. "Àlùwàlá wà lára rẹ."

Tíṣà kú ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí ọmọ rẹ̀, Ìkẹ́olúwa, ń palẹ̀ ẹrù mọ́, ó ṣí rẹ́jísítà tó kẹ́yìn, ó sì kà á sókè fún Ràṣídátù, tí kò mọ̀wé. Ìlà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà wọ́ gbàgẹ̀rẹ̀: "Odídẹrẹ́, kò sí. Ràṣídátù ní òun rí méjì. Ó fẹ́ràn mi."

Ràṣídátù fi ìborùn bojú, ó sunkún títí. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, ó gbé àpótí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú yẹn síta, ó jókòó, ó na ọwọ́ sí bírò, ó ní kí Ìkẹ́olúwa kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń kọ "kò sí."