Ẹ̀gbọ́n Ló Kọ́kọ́ Ń Sáré

Yàrá mẹ́rin ló wà nínú ilé tí bàbá mi fi sílẹ̀ ní Ìrókò, èmi nìkan ni mo sì ń gbé ibẹ̀. Mò ń sùn nínú ọ̀kan, mò ń ṣiṣẹ́ nínú ọ̀kan, àwọn méjì yòókù wà ní títì. Iṣẹ́ mi ò gba kí n jáde. Ètò orí kọ̀ǹpútà ni mò ń kọ, fún ilé-iṣẹ́ kan tó jẹ́ pé orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni gbogbo wa ti ń pàdé. Ìlú òyìnbó ni ọ̀gá wa ń gbé, mi ò sì tíì fojú kan ẹnikẹ́ni nínú wọn rí. Bí ìpàdé bá parí, tí ojú wọn kúrò lórí kọ̀ǹpútà, ilé á dákẹ́ débi pé mo máa ń gbọ́ ìrìn alángbá lórí páànù.

Mo ní àbúrò kan ṣoṣo. Olódò ló ń gbé, ó ń tún fíríìjì àti fáànù ṣe níbẹ̀. Ẹni tó bá wọkọ̀ ní Mọ́níyà láàárọ̀ á dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Síbẹ̀, odindi ọdún méjì ni mi ò fi gbọ́ ohùn rẹ̀. Kì í ṣe pé mi ò ní nọ́ńbà rẹ̀. Mò ń dúró dè é ni. Àbúrò ló yẹ kó kọ́kọ́ kí ẹ̀gbọ́n, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ wa, mi ò sì rí ìdí tí màá fi yí i padà nítorí ẹni tó kẹ̀yìn sí mi. Olóríkunkun ni mí, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ tí fóònù mi dún tí mi ò kọ́kọ́ rò pé òun ni.

Gbólóhùn kan ló dá ìjà náà sílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì tí a sin bàbá wa, àwọn ẹbí jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹnì kan sì bi àbúrò mi pé kí ló dé tí kò kàwé tó mi. Kó tó la ẹnu, mo ti bá a dáhùn. Mo ní, “Ilé kan náà la gbé, bàbá kan náà ló kọ́ wa, lórí tábìlì kan náà. Èmi yege, òun ò yege. Ta wá ni ká dá lẹ́bi?” Olùkọ́ ni bàbá wa, ní ilé-ìwé ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá wa ti kú tipẹ́, Bàbá ló sì ń jókòó tì wá lálaalẹ́ bí a bá ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, èmi lákọ̀ọ́kọ́, àbúrò mi lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án. Àwọn ẹbí rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ mi. Àbúrò mi ò rẹ́rìn-ín. Ó mú báàgì rẹ̀, ó ní, “Ó dàbọ̀, ẹ̀gbọ́n mi,” ó sì lọ. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Mo mọ òwe yẹn lọ́jọ́ náà, mo kàn rò pé àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n pa á fún ni.

Ní ọjọ́ kan ni ọ̀gá wa gbé iṣẹ́ tuntun lé mi lọ́wọ́. Sáfà ni à ń pe kọ̀ǹpútà tó ń dúró de àlejò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Bí o bá tẹ nǹkan lórí fóònù rẹ, sáfà kan níbì kan ló ń dá ọ lóhùn. Àwa tí à ń ṣe é kì í bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. A máa ń lo láíbìrì, ìyẹn kóòdù tí àwọn kan ti kọ sílẹ̀ kí gbogbo ayé lè rí i lò. Láíbìrì méjì ló wà níwájú wa nígbà náà. Ọ̀kan ti wà tipẹ́. Èkejì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, àwọn tó kọ ọ́ sì ń fọ́nnu pé kò sí èyí tó yára tó o. Ọ̀gá ní kí n fi àwọn méjèèjì sáré, kí n wá sọ èyí tí a máa mú.

Ọ̀dọ́bìnrin kan nínú wa, òun ló dé ẹnu iṣẹ́ kẹ́yìn, ló fẹ́ràn èyí tuntun. Ó ti fi kọ nǹkan díẹ̀, ó sì ń yìn ín. Mo kọ ọ́ sí i pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Gbogbo wọn fi àwòrán ẹ̀rín ránṣẹ́. Òun náà fi ọ̀kan ránṣẹ́.

Mo kọ ètò kékeré kan tó ń ṣe bí àlejò. Á kan ilẹ̀kùn sáfà bí ẹni pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló dé lẹ́ẹ̀kan náà, èmi á sì ka iye tí sáfà rí dá lóhùn. Ilé tí ẹnikẹ́ni kì í ti í kan ilẹ̀kùn ni mo jókòó sí, tí mo ń fọwọ́ ara mi ṣe àlejò. Mo sọ láíbìrì àtijọ́ ní Ẹ̀gbọ́n, mo sọ tuntun ní Àbúrò. Ẹ̀gbọ́n ni mo máa ń mú sáré lákọ̀ọ́kọ́, bó bá parí, mo mú Àbúrò. Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ta ni í gbé oúnjẹ kalẹ̀ tí í ní kí àbúrò kọ́kọ́ mú ẹran?

Ẹ̀gbọ́n borí. Lọ́jọ́ kejì, Ẹ̀gbọ́n náà ló borí. Ọjọ́ márùn-ún gbáko ni mo fi ṣe é, Àbúrò ò sì mókè lẹ́ẹ̀kan. Inú mi dùn ju bó ti yẹ kó dùn lọ. Mo kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wọn pé, “Kọ̀ǹpútà kan náà, iṣẹ́ kan náà, àlejò kan náà. Èyí àtijọ́ ló yára.” Mo ka gbólóhùn yẹn lẹ́yìn tí mo kọ ọ́ tán, ó sì dùn létí mi. Kò wá sí mi lọ́kàn pé mo ti sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

Ìyá kan wà ní agboolé tó kángun sí tiwa, gàrí ni wọ́n ń yan tà. Àwọn nìkan ni mo ń bá sọ̀rọ̀ lójúkojú láàárín ọ̀sẹ̀. Bí wọ́n bá ti kírun Àìlà tán, wọ́n á gbé fóònù wọn wá kí n bá wọn fi sẹ́nu iná sólà mi, wọ́n á sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà títí yóò fi gba iná díẹ̀. Mo ti sọ fún wọn pé eré ìje Ẹ̀gbọ́n àti Àbúrò ni mò ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà.

Wọ́n ní, “Ọmọ mi, ta ló borí lónìí?”

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n ni, Ìyá.”

“Òun náà ló borí lánàá.”

“Òun ló ń borí lójoojúmọ́.”

Wọ́n na ìka sí kọ̀ǹpútà náà. “Ta ló kọ́kọ́ ń sáré nínú wọn?”

“Ẹ̀gbọ́n ni. Ṣé kì í ṣe ẹ̀gbọ́n ló yẹ kó ṣáájú ni?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ìborùn wọn fi yọ̀ kúrò léjìká. “Èmi kì í gbà kí wọ́n ṣáájú mi nídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin gbágùúdá o. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé, tiẹ̀ á kúnná. Tí ẹ̀rọ bá ti gbóná, á bẹ̀rẹ̀ sí í fà, ẹni tó kàn lẹ́yìn á wá máa rò pé gbágùúdá òun ni ò dáa. Fọwọ́ kan abẹ́ kọ̀ǹpútà ẹ wò.”

Mo fọwọ́ kàn án, mo sì yára yọ ọ́. Kò sẹ́ni tó ń ṣe iṣẹ́ wa tí kò mọ̀ pé bí kọ̀ǹpútà bá gbóná, á dín eré rẹ̀ kù fúnra rẹ̀ kó má baà jóná. Èmi náà mọ̀ ọ́n. Àṣà ló ti bá mi dáhùn kí n tó béèrè. Ọjọ́ márùn-ún ni Ẹ̀gbọ́n fi sáré lórí ẹ̀rọ tútù, tí Àbúrò ń sáré lórí ẹ̀rọ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti lò gbóná.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì mo wá nǹkan tí màá fi gbé kọ̀ǹpútà sókè, kí atẹ́gùn lè rí abẹ́ rẹ̀ gbà. Mo ṣí ọ̀kan nínú àwọn yàrá tó wà ní títì. Àpótí kan wà níbẹ̀ tí Bàbá kó àwọn ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá wa sí, tèmi lápá kan, ti àbúrò mi lápá kejì. Mo mú díẹ̀ nínú tèmi, mo mú díẹ̀ nínú tiẹ̀. Bí mo ṣe ń to wọ́n ni ọ̀kan ṣí.

Nínú ìwé tèmi, àmì pupa Bàbá dúró ṣánṣán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdáhùn kọ̀ọ̀kan. Nínú ti àbúrò mi, kò sí èyí tó bọ́ sójú ìlà. Òmíràn wà lórí ìbéèrè, òmíràn wà létí ìwé níbi tí kò sí ohun kan. Bàbá fagi lé ìdáhùn tó tọ̀nà, wọ́n sì máàkì èyí tí kò tọ̀nà pé ó tọ̀nà. Mo ń ṣí i lọ. Nígbà tí mo dé ìdajì, àmì pupa náà tún gún régé, àmọ́ ọwọ́ Bàbá kọ́. Ọwọ́ àbúrò mi ni.

Mo mọ̀ pé ojú Bàbá ti bàjẹ́ kí wọ́n tó kú. Mo rò pé ọjọ́ ogbó ló mú un wá, pé kò tíì pẹ́. Mo jókòó sórí àpótí náà nínú yàrá tí ẹnikẹ́ni ò gbá láti ọdún méjì. Ilé kan náà ni lóòótọ́, tábìlì kan náà ni. Bàbá kan náà kọ́.

Mo pinnu láti parí iṣẹ́ náà kí n tó ṣe ohunkóhun, bóyá ẹ̀rù ló ń bà mí. Mo mú Àbúrò ṣáájú, Àbúrò sì borí. Lẹ́yìn náà mo ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà tutù dáadáa kí n tó mú èyí tó kàn, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, Àbúrò ló ń fi díẹ̀ ṣáájú. Mo kọ̀wé sí gbogbo wọn pé mo ti ṣì wọ́n lọ́nà, mo sì sọ bí mo ṣe ṣe é. Ọ̀dọ́bìnrin náà ló kọ́kọ́ fèsì. Ó ní, “Ẹ ṣeun, sà. Mo ti ń rò ó pé èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n lò.”

Èsì yẹn ló lé mi jáde nílé. Abẹ́ igi gúrófà ẹ̀yìnkùlé nìkan ni ohùn ti máa ń já gaara lórí fóònù. Mo dúró síbẹ̀, mo pe àbúrò mi. Ó dún títí ó fi gé. Mo tún un pè.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi. Ṣé kò sí o?”

“Kò sí. Mo ní kí n kí ẹ ni. Ṣé dáadáa lo wà?”

“A dúpẹ́.” Mo ń gbọ́ ariwo mọ́tò lẹ́yìn rẹ̀, àti ẹnì kan tó ń lu irin.

Mo ní, “Mo rí àwọn ìwé ẹ nínú àpótí. Ìgbà wo ni ojú Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́?”

Ariwo irin náà jìnnà sẹ́yìn, mo mọ̀ pé ó ti kúrò láàárín àwọn ènìyàn. Ó ní, “Kí n tó wọ kíláàsì kẹta. Èmi ni mo máa ń ka ìbéèrè fún wọn. Nígbà tó yá, wọ́n fún mi ní bírò pupa, wọ́n ní kí n máa máàkì ara mi. Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ sọ fún yín. Wọ́n ní ẹ wà ní yunifásítì, kí ọkàn yín má baà pínyà.”

Omi bọ́ lójú mi, mi ò nù ún. Mo ní, “Má bínú.” Mi ò sọ ọ́ fún un rí láti kékeré. Mo wá ní, “Lọ́jọ́ tí mo sọ̀rọ̀ yẹn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí ló dé tí o ò sọ èyí?”

Ó ní, “Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Kí ló tún kù tí mo fẹ́ sọ?”

Mo ní kó sọ ọ́ nísinsìnyí. Mo jókòó sórí gbòǹgbò igi náà, mo pa ẹnu mọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀.