Ògiri Tí Ọ̀gá Mi Gbà Gbọ́

Ọ̀gá mi ló máa ń bá ilé-iṣẹ́ wa yan ilé ìkẹ́rùsí. Tá a bá débì kan, wọn kì í gbọ́ ti lánlọ́ọ̀dù. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n á wá ipa omi lára ògiri. "Ògiri kì í purọ́," ni wọ́n máa ń wí.

Ti Mile 12, lánlọ́ọ̀dù ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún lọ́dà funfun ni. Ọ̀gá mi ò rí ipa omi kankan, wọ́n fọwọ́ síwèé. Kò pé oṣù mẹ́ta tí odò fi ya wọlé, tó pa bàbá ọlọ́dẹ tí wọ́n fi síbẹ̀.

Nígbà tá a lọ kí ìyàwó bàbá náà ní Ìkòsí, ọ̀gá mi kàn ń fi kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ha ọ̀dà ara ògiri pálọ̀. Ìyá náà wò wọ́n títí.

"Ọ̀gá, ẹ fi ògiri wa sílẹ̀. Omi kì í dé ibí. Ẹ̀yin lẹ mú ọkọ mi lọ bá omi."