Ẹni Tó Dá Mi Lóhùn Lórí Òrùlé Agbogbloshie

Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó rín in tán kó tó máa kà á lọ, torí èmi tí ojú mi rí i, n kò tíì rẹ́rìn-ín sí i dòní.

Ọ̀sán gangan ni. Mo tètè sọ bẹ́ẹ̀ torí ẹ ó máa rò pé òru nìkan ni irú nǹkan báyìí ń rìn.

Iṣẹ́ Íńtánẹ́ẹ̀tì ni mo ń ṣe ní Accra níbí. Àlájà kan, ọmọ ilẹ̀ wa tó ń ta iṣu ní ọjà Agbogbloshie, ní ṣọ́ọ̀bù lápá kan títì, wọ́n sì ní sítọ́ọ̀ lódìkejì. Wọ́n fẹ́ kí Íńtánẹ́ẹ̀tì ṣọ́ọ̀bù dé sítọ́ọ̀. Ta ló máa fa wáyà kọjá lókè àwọn lọ́rì tó ń gba títì náà? Awo kékeré méjì là ń gbé sórí òrùlé méjèèjì, kí wọ́n kọjú síra, kí afẹ́fẹ́ gbé e kọjá. Bíríìjì là ń pè é.

Èmi àti Kojo, ọmọ Kumasi, la jọ ń ṣiṣẹ́. A ti kọ́kọ́ gbé awo méjèèjì sórí tábìlì, a dán wọn wò nílẹ̀, wọ́n gbọ́ ara wọn. Kojo wá gun òrùlé sítọ́ọ̀ lọ láti so wáyà iná mọ́ tibẹ̀. Èmi dúró ti ṣúíṣì ní yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, torí ibẹ̀ ni iná ilé méjèèjì ti ń wá. N kò lè rí i. Wọkí-tọkí nìkan la fi ń bára wa sọ̀rọ̀.

Òfin wa ò ju ẹyọ kan lọ: ẹni tó wà lókè gbọ́dọ̀ fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ti sọ̀kalẹ̀, kí ẹni tó wà nílẹ̀ tó tan iná. Ọmọ Kojo ò tíì pé ọjọ́ mẹ́jọ láyé nígbà náà. Ọwọ́ mi ni ẹ̀mí bàbá rẹ̀ wà.

Mo bi í ní Twi, èdè tirẹ̀, bí a ṣe máa ń ṣe: "Kojo, ṣé o ti sọ̀kalẹ̀?"

Ohùn kan wá dáhùn, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ.

"Mo ti sọ̀kalẹ̀, Àjàní. Tan án."

"Ó dáa," ni mo wí, mo sì gbọ́wọ́ lé ṣúíṣì.

Ẹ gbà mí gbọ́, ìka mi ti fẹ́ tẹ̀ ẹ́ kí ara mi tó bù máṣọ. Ohùn Kojo ni, mo lè búra. Ṣùgbọ́n Yorùbá ló sọ! Kojo ò gbọ́ Yorùbá ju "ẹ káàárọ̀" lọ. Èdè ilé mi ni, ìyẹn ni etí mi fi gbà á wọlé láìbéèrè. Ta ló sì sọ fún un pé Àjàní ni mí? Ìyá àgbà mi nìkan ló máa ń fi oríkì yẹn pè mí, nílé wa ní àdúgbò Nima, a sì ti sin wọ́n tipẹ́.

Mo fa ọwọ́ sẹ́yìn. Ẹ̀rù bà mí, n kò ní purọ́. Mo sáré jáde sí títì, mo gbójú sókè nínú eruku ọyẹ́.

Kojo ṣì wà lórí òrùlé. Wáyà tó ti bó lára wà lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì.

Wọkí-tọkí rẹ̀ wà ní ìdí àkàbà níbi tó gbàgbé rẹ̀ sí. Mo gbé e. Bátìrì rẹ̀ ti kú.

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Àlájà, wọ́n sún mọ́ mi, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ọmọ mi, ṣé o jẹ́ ẹ?"

"Mo ní 'ó dáa', mà."

"Háà! Wọn ò kọ́ ọ nílé pé a kì í jẹ́ ìpè ẹni tí a ò rí?"

Wọ́n kọ́ mi. Ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ tiwa, ìpè ẹni tí a ò rí là ń jẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́.

A parí iṣẹ́ náà lọ́jọ́ kejì, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Kojo sọ ọmọ rẹ̀ lórúkọ, mo lọ jẹun níbẹ̀. N kò sọ fún un títí dòní.

Wọkí-tọkí tèmi wà nínú àpótí nílé mi. Mo ti yọ bátìrì rẹ̀. Síbẹ̀, lọ́sàn-án ọjọ́ mìíràn, tí ilé bá dá, mo máa ń gbọ́ ohùn yẹn nínú rẹ̀, jẹ́jẹ́:

"Mo ti sọ̀kalẹ̀, Àjàní. Ìwọ ńkọ́?"

N kì í dáhùn. Ẹ̀yin tí ẹ ń gun òrùlé, ẹ fojú yín rí ẹnìkejì yín kí ẹ tó tan iná. Bí ẹ bá sì gbọ́ oríkì yín lẹ́nu ẹni tí kò yẹ kó mọ̀ ọ́n, ẹ má sọ pé ó dáa. Èmi ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, n kò sì mọ ohun tí mo gbà sí.